Orin Tó Dákẹ́ Nínú Ìkòkò

Ìdí mi ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kò sí ẹnu ìkòkò wáìnì tí mi ò lè gbà wọlé ní gbogbo abúlé wa. Bí alángbá ṣe ń wọ inú ògiri tó là ni mo ṣe ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdí yìí ti dàgbà jù mí lọ, ó ti ní ìfẹ́ inú tirẹ̀. Bí mo bá ní ká sọ̀kalẹ̀, á ní ká ṣì dúró ná.

Inú ilẹ̀ ni ìkòkò wáìnì máa ń wà níbí ní agbègbè Kakheti. A máa ń rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan lèèyàn máa rí nílẹ̀ ilé ìkòkò. Àwọn tó tóbi nínú wọn jìn ju èèyàn lọ. Kí ìkórè tó dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ fọ̀ ọ́, nítorí bí ìdọ̀tí ọdún tó kọjá bá kù síbẹ̀, wáìnì tuntun á kan. Nílé tiwa, èmi Makvala lẹni náà. Ọmọ mi Tamaz ní ikùn tí kò lè wọ ibì kankan. Irma ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù òkùnkùn. Tekle, ọmọbìnrin wọn, tí mo kọ́ níṣẹ́ náà ní kékeré, ti di ẹni tó ń kun èékánná. Ó wá ku èmi àti ìdí mi.

Láti ìgbà tí Tamaz ti kọ́ yàrá mélòó kan lé orí ilé wa làwọn àlejò ti ń wá láti ìlú tí ahọ́n mi ò lè pè. Wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe wáìnì. Mo fẹ́ràn wọn. Wọ́n máa ń jẹun dáadáa, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi kí Tekle tó túmọ̀ rẹ̀ rárá, èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú mi gan-an ni wọ́n ń rí rẹ́rìn-ín. Kò burú. Ojú náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ kó tó rí báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo mú wọn yípo. Mo fi ọpọ́n igi gígùn tí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ èso àjàrà hàn wọ́n, mo bọ́ bàtà, mo sì jó díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe ń rí. Mo ní omi èso náà, awọ rẹ̀, kóró rẹ̀, títí kan igi tó so mọ́, gbogbo rẹ̀ la máa ń dà sínú ìkòkò. Á máa hó bí ọbẹ̀ láìsí iná nísàlẹ̀. A óò máa fi ọ̀pá ti àwọn awọ tó bá léfòó padà sísàlẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ tí kò fẹ́ sùn padà sórí ibùsùn. Nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tó sì dákẹ́, a óò fi òkúta pẹrẹsẹ dé e, a óò fi amọ̀ tútù lẹ etí rẹ̀ pa, ó di ìgbà ìrúwé, nígbà tí òtútù bá lọ. Obìnrin kan tó dé fìlà pupa béèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó. Mo ní bí a ṣe ń mọ̀ pé ọkùnrin ti tó fẹ́ ni: a kì í mọ̀, a kàn máa ń ṣí i wò ni.

Wọ́n béèrè nípa ìkòkò tó wà lábẹ́ fèrèsé, èyí tí amọ̀ orí rẹ̀ tutù tó ń dán. Tamaz yára dáhùn pé ti ìdílé ni, ó sì fẹ́ darí wọn síbòmíràn. Èmi ni mo dá wọn dúró, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn láti sọ bíi ti ìkòkò náà.

Ìkòkò Ushangi ọkọ mi ni. Nígbà ìkórè tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ìrọ̀rí, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tẹ àjàrà rẹ̀. Òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló rò ó, òun ló fi amọ̀ pa á. Ó wá ní kí n má ṣí i títí di ọjọ́ ìgbéyàwó Tekle. Ó ní òun ò ní sí níbẹ̀ láti gbé ife sókè kí òun sọ̀rọ̀ fún ọmọ náà, kí wáìnì yẹn bá òun sọ ọ́. Yìnyín ò tíì yọ́ lórí òkè tí a fi sin ín. Ní báyìí, Tekle ti rí ọkọ ní òdìkejì odò Alazani, bí ìkórè bá sì ti parí, ìgbéyàwó ló kù.

Amọ̀ orí ìkòkò kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Bó bá gbẹ, á sán, afẹ́fẹ́ á wọlé. Nítorí náà àràárọ̀ ni mò ń bu omi lọ wọ́n sí i, tí mo sì ń kí ọkọ mi. Mo máa ń sọ ẹni tó kú fún un, ẹni tí màlúù rẹ̀ bí, àti bí ikùn Tamaz ṣe ń yọ sí i. Mo máa ń ròyìn ìdí mi pàápàá fún un, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí kò tíì tó báyìí. Gbogbo èyí ni mo sọ fún àwọn àlejò. Tekle túmọ̀ rẹ̀ láìgbé ojú sókè. Mo rò pé ìtìjú ìyàwó tuntun ni.

Lẹ́yìn náà, a lọ sídìí ìkòkò ńlá tí mo fẹ́ fọ̀.

Wáìnì máa ń fi afẹ́fẹ́ kan sílẹ̀ nínú ìkòkò. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn tó máa kìlọ̀ fúnni. Ẹni tó bá fà á símú á kàn sùn lọ ni. Bí Shakro aládùúgbò wa ṣe lọ nìyẹn, tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí rẹ̀ la fi máa ń kọ́kọ́ sọ àbẹ́là tó ń jó kalẹ̀ wò bóyá á kú, tí a sì ń so okùn mọ́ ẹni tó ń wọlé ní ìbàdí. Nítorí rẹ̀ náà ni ẹni tó bá wà nínú ìkòkò fi gbọ́dọ̀ máa kọrin. Bí orin bá ń jáde, ọkàn ẹni tó wà lókè á balẹ̀. Bí orin bá dákẹ́ pẹ́, kó pe orúkọ rẹ. Bí o kò bá dáhùn, kó máa fà.

Àbẹ́là kò kú. Mo ki ẹsẹ̀ bọlé, àyà mi wọlé, ìdí mi dúró. Àwọn àlejò gbé fóònù wọn sókè. Tamaz gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń tì mí bí ẹni tó ń ki ìdérí bọ ẹnu ìgò. Mo sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà tó kéré ju èyí lọ ló gbà wáyé, tòun ti orí ńlá yẹn, kò sì sẹ́ni tó tì í léjìká. Tekle kọ̀ láti túmọ̀ ìyẹn. Obìnrin onífìlà pupa fi dandan lé e títí ó fi túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ran èmi náà, ara mi rọ̀, ni mo bá já wọlé pọ̀ọ̀.

Mo fẹ́ràn inú ìkòkò. Ó tutù, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni níbẹ̀. Ohùn ọmọge ló máa ń dá padà fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ orin opó tó jí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àlùfáà gùn lọ sọ́jà, tí ẹsẹ rẹ̀ pọ̀ tí gbogbo rẹ̀ sì burú, mo sì ń fi ìgbálẹ̀ ha ara ìkòkò. Mo gbọ́ tí Irma pe àwọn àlejò síta wá jẹ búrẹ́dì gbígbóná àti wàràkàsì. Ẹsẹ̀ wọn jáde. Ó ku Tamaz àti Tekle lẹ́nu ìkòkò, tí wọ́n di okùn mú.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò bá fọ ìkòkò rí kò lè mọ̀. Létí ẹni tó wà lókè, orin náà máa ń dà bíi pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́nu ìkòkò ló ń jábọ́ sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá mí, wàá gbọ́. Tamaz ò wọ inú ìkòkò rí láyé rẹ̀. Láti kékeré ló ti sanra.

Mo ti parí ẹsẹ kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti ha ìsàlẹ̀, nígbà tí ohùn Tekle jábọ́ lù mí.

"Bàbá, ṣé wáìnì bàbá àgbà tó kù ò ju ti inú jọ́ọ̀gì yìí lọ?"

Tamaz ní kó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní ìyẹn ló kù, kó lọ bù ú fún àwọn àlejò, pé ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn mọ wáìnì, òun ò lè gbé wáìnì lásán síwájú rẹ̀.

"Ìgbéyàwó mi ńkọ́?"

"A óò da tuntun sínú rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Ahọ́n ìyá mi ti dàgbà. Wọn ò ní mọ̀."

"Àràárọ̀ ni wọ́n ń bomi sí i. Ìkòkò òfìfo ni wọ́n ń kí, Bàbá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa kí i. Ṣebí inú wọn ń dùn."

Mo dúró ní bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe wà. Mo rántí ìrúwé tó kọjá, tí mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ìlú Tbilisi. Wáìnì Tamaz ti kan lọ́dún yẹn, nítorí ó kánjú, kò jẹ́ kí n fọ ìkòkò rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo padà dé, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí abẹ́ fèrèsé, ó ní kí n wo bí òun ṣe tọ́jú amọ̀ bàbá òun dáadáa. Amọ̀ náà tutù, ó jọ tuntun. Ó jọ tuntun nítorí tuntun ni. Mo dì mọ́ ọn, mo fi ẹnu kò ó lórí, mo súre fún un débi tí omi fi bọ́ lójú mi tuntun. Dókítà ní kí n rọra ṣe pẹ̀lú wáìnì fúngbà díẹ̀, Tamaz sì sọ ọ́ di òfin. Bí mo bá ti nawọ́ sí ife, á gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, á ní, "Ojú yín, Màmá." Mo ń sọ fún gbogbo abúlé pé ẹ wo ọmọ tí mo bí. Àwọn àlejò ń mu wáìnì, wọ́n ń kan sáárá sí i. Mo bi Tamaz pé níbo ló ti rí èyí tó dára báyìí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Telavi ló fún òun.

Èmi sì ń lọ ròyìn màlúù fún ilẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí orin dákẹ́. Mo kàn gbọ́ tí Tamaz ń pè mí. "Màmá?" Mo gbọ́ ọ kedere, mi ò dáhùn. Ó tún pè, ohùn rẹ̀ já láàárín. Ó pariwo pe Irma, okùn sì fà mí lójijì. Ẹsẹ̀ sáré wọlé, ó jọ pé gbogbo àwọn àlejò ló di okùn mú. Orí mi jáde, àyà mi jáde, ìdí mi sì tún ṣe bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n fà. Síkẹ́ẹ̀tì mi há sí ẹnu ìkòkò, èmi ò há mọ́. Mo bọ́ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú pátá òwú ńlá tí ìyá mi kọ́ mi láti máa rán, àwọn àlejò sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara ẹ̀kọ́ wáìnì náà ni. Ká ní kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá tẹríba fún wọn.

Tamaz wà lórí eékún, ojú rẹ̀ funfun, ó ń béèrè bóyá afẹ́fẹ́ náà ni. Mo dìde. Tòun ti pátá mi, mo rìn lọ sí abẹ́ fèrèsé, mo mú ọkọ́ kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha amọ̀ tí mo bomi sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kúrò. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé mo gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màmá, Màmá. Mo sọ fún un pé kó gbé òkúta náà, nítorí ó wúwo fún mi. Ó gbé e.

Òórùn yàrá tí wọ́n tì pa ló jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pe Ushangi. Ohùn mi ni mo gbọ́ padà.

Irma kó àwọn àlejò lọ sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn ò jáde. Tamaz ń sọ̀rọ̀ láìdúró. Ó ní wáìnì òun ti kan, èèyàn ti wá láti ọ̀nà jíjìn, kí ni kí òun gbé síwájú wọn? Ó ní díẹ̀ lòun kọ́kọ́ bù, ó wá di pé wọ́n ń béèrè rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ bàbá òun ni, ṣé á jẹ́ kí àlejò lọ láì mu nǹkan gidi?

Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù, nítorí òótọ́ ni. Ushangi lè fi wáìnì ìgbéyàwó ara rẹ̀ fún ẹni tó ṣìnà.

"Bàbá rẹ ì bá fún wọn," ni mo wí. "Á fún wọn, á sì wá sọ fún mi kílẹ̀ tó ṣú. Wáìnì kọ́ ló dùn mí. O dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí láàárọ̀, o ń wò mí bí mo ṣe ń bá ihò sọ̀rọ̀, o sì lọ jẹun."

Mo yíjú sí Tekle. Omijé ti ba ọ̀ṣọ́ ojú rẹ̀ jẹ́. Mo béèrè bóyá òun náà ń wò mí.

"Mo ń wò yín, Ìyá àgbà," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń fọ ìkòkò. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́."

Tamaz wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí oyin ta. Èmi náà wò ó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn lẹ́nu ìkòkò kí n lè gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dì mọ́ ọn ni àbí kí n fọ́ ọ létí. Láti ìrúwé ló ti mọ̀. Ó ń jókòó tì mí bí mo ṣe ń rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó ń na òwú fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Ó di ìgbà tí wọ́n sọ mí sínú ìkòkò kó tó lè sọ òótọ́ fún mi, orí mi ló sì jù ú lé, kò jẹ́ kí n rí ojú òun.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n ṣì di ife mú lẹ́nu ọ̀nà. Irma ti bu èyí tó kù nínú jọ́ọ̀gì fún un, kò sì tíì mu ún. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó rí ìkòkò náà, ó rí mi, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún mi. Mo bù lára búrẹ́dì ọwọ́ obìnrin onífìlà pupa, mo da wáìnì díẹ̀ sí i lórí fún òkú, bí a ti ń ṣe. Mo gbé ìyókù sẹ́nu. Tamaz la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípa ojú mi, ó tún pa á dé.

Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tó pọ́n. Ó korò díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bí èèpo ásálà, ó wá rọ̀, ó sì dúró pẹ́ lẹ́nu ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ushangi ni. Ahọ́n tó ti dàgbà náà mọ̀ ọ́n. N kò tọ́ ọ wò rí tẹ́lẹ̀, mo ń dúró de ìgbéyàwó.

Mo dá ife padà, mo sọ fún Tamaz pé kó wọlé.

Ó bi mí pé wọ inú kí ni. Mo ní ìkòkò bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kí ìkórè tó dé, ó sì ti tó kó mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Mo ní tí ìdí mi bá wọ èkíní, ikùn rẹ̀ á wọ èyí. Mo sọ àbẹ́là kalẹ̀ fúnra mi, mo so okùn mọ́ ọn níbàdí. Ó há, ó làágùn, ó gbé ikùn rẹ̀ wọlé lápá kan lẹ́yìn èkejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, èmi pàápàá ò rẹ́rìn-ín, ẹ sì mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín sí gan-an nìyẹn. Kí orí rẹ̀ tó wọlé, mo sọ fún un pé níbi ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n bá ní kí a gbé ife fún àwọn tó ti lọ, òun ni yóò dìde níwájú gbogbo èèyàn, tí yóò sọ ibi tí wáìnì bàbá òun gbà lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní kó máa kọrin.

Ó kọrin. Orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ tó bá ń tẹ àjàrà ló kọ, ohùn rẹ̀ kò dára, kò dára rí. Mo jókòó lẹ́nu ìkòkò, okùn wà lọ́wọ́ mi. Tekle wá jókòó tì mí, ó fi ọwọ́ lé okùn náà. Mi ò ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mi ò sì dì í mú.

Nígbà tó yá, orin náà dákẹ́.

Tekle wò mí. Àwọn àlejò náà ti mọ òfin, èmi ni mo kọ́ wọn láàárọ̀. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí nísàlẹ̀, tí imú rẹ̀ ti dí. Mo mọ̀ pé ó ń dúró ni, ó ń wò bóyá màá pè é. Mo jẹ́ kó dúró. Mo jẹ́ kó bá ìkòkò náà gbé fúngbà díẹ̀ láìsí ìdáhùn, kó gbọ́ bí ó ṣe máa ń rí.

Lẹ́yìn náà mo pè é. "Tamaz." Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, "bàbá mi" ni mo máa ń pè é, mi ò fi orúkọ pè é rí àyàfi tí àlùfáà bá wà nítòsí.

"Mo wà níbí, Màmá."

"Máa kọrin."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó rántí, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé abẹ́ fèrèsé, igbá omi wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti la ẹnu láti sọ fún Ushangi pé èèyàn ti rí pátá mi. Ẹnu ìkòkò ṣí sílẹ̀, ó mọ́, ó gbẹ. Kò sí amọ̀ tí mo lè bomi rin. Mo dúró síbẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo wá gbé igbá náà jáde sí àgbàlá, mo sì fi omi inú rẹ̀ fọ ojú mi.